Ṣé Ilẹ̀ Ló Kan Lóòótọ́? Ìbéèrè Àwọn Ológbà Ẹ̀fọ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́

Bí òjò bá ti rọ̀ nígbà mélòó kan, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í dé ìsọ̀ mi: "Ẹ̀fọ́ mi ò ṣe dáadáa, ilẹ̀ ti kan, ẹ fún mi ní láìmù." Mò ń ta láìmù lóòótọ́, ìyẹn ìyẹ̀fun òkúta tó ń pa kíkan (ásíìdì) inú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi kí n máa ta oògùn fún àìsàn tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò. Ẹ ka èyí ná.

Ewé tẹ̀tẹ̀ mi ń pọ́n. Ṣé ilẹ̀ ti kan nìyẹn?

Kò tíì dájú. Bó bá jẹ́ ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pọ́n, ebi ló ń pa á. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà ló ń fẹ́. Bí omi bá ń dúró sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ la ọ̀nà fún omi.

Ewédú àti ilá mi ò ga, wọ́n kàn dúró sójú kan.

Ẹ fa ọ̀kan tu. Bí kókó bá wà lára gbòǹgbò rẹ̀, aràn inú ilẹ̀ ni, láìmù ò sì ní rí i ṣe. Ẹ gbin ẹ̀pà síbẹ̀ fún sáà kan. Ẹ má fi ṣọkọ tàbí tòmátì tẹ̀ lé e, aràn kan náà ló ń bá wọn jà.

Ìdí tòmátì mi ń dúdú, ó sì ń jẹrà.

Ẹ máa bomi rin ín déédéé. Èròjà kálísíọ́ọ̀mù tí kò dé inú èso ló fà á: ó lè wà nílẹ̀ kó má débẹ̀ bí omi bá ń ṣe ségesège.

Kí ni pH tí ẹ ń pariwo rẹ̀ yìí?

Òun ni wọ́n fi ń wọn bí ilẹ̀ ṣe kan tó. 7 ni àárín. Ohun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ ń kan, ohun tó bá kọjá rẹ̀ ń lọ sọ́nà ti eérú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ wa fẹ́ 6 sí 6.8. Ẹ má fojú kékeré wo nọ́ńbà kan ṣoṣo o: ilẹ̀ tó jẹ́ 5 kan ní ìlọ́po mẹ́wàá ju èyí tó jẹ́ 6 lọ. Bó bá ti wọ abẹ́ 5.5, alumíníọ́ọ̀mù inú ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, á máa ba ṣóńṣó gbòǹgbò jẹ́, á sì so fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì tí ẹ̀fọ́ ń jẹ mọ́lẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ máa ń da ajílẹ̀ NPK tí ẹ̀fọ́ ò ní rí jẹ, tí ẹ ó wá sọ pé ayédèrú ni mo tà fún yín.

Kí ló ń mú kí ilẹ̀ kan?

Òjò ń fọ kálísíọ́ọ̀mù àti magnéṣíọ́ọ̀mù lọ, pàápàá níbi tí iyanrìn bá pọ̀. Èkejì ni ajílẹ̀ yúríà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ́n ọn lọ́dọọdún, ọwọ́ yín náà wà níbẹ̀.

Ṣé mo lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé?

Dé àyè kan. Ẹ rọ fínígà lé erùpẹ̀ gbígbẹ: bó bá hó, ilẹ̀ yẹn ò kan. Bí kò bá hó, kò tíì sọ nǹkan kan. Omi ìsápá tí wọ́n fi ń ṣe zobo náà ń yí àwọ̀ padà bí ẹ bá da eérú sí i. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹ ò lè ti ibẹ̀ ka nọ́ńbà. Irin olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kì bọlẹ̀ láti fi wọn pH yẹn, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé e. Bébà pH sàn jù, bí ẹ bá fi omi bátìrì tí kò ní ásíìdì po erùpẹ̀ náà. Ẹ béèrè dáadáa lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, torí òun náà ló ń ta ásíìdì.

Eérú ńkọ́?

Eérú igi dára: ti ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, ti ilé búrẹ́dì onígi. Eérú ààtàn tí wọ́n ti sun ọ̀rá mọ́, rárá. Fún ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú lóòró, ẹ̀kúnwọ́ méjì tó. Láìmù, 100 sí 200 gíráàmù fún ilẹ̀ oníyanrìn. Ẹ fi ọkọ́ rò ó pọ̀ mọ́ erùpẹ̀ dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Èyí tó bá wà lókè kì í tètè rìn wọlẹ̀. Ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó gbìn. Kò gbọdọ̀ pàdé yúríà lọ́jọ́ kan náà. Bí wọ́n bá pàdé, òórùn tó ń ta yín nímú yẹn, owó ajílẹ̀ yín ló ń fò lọ.

Ẹfun, èèpo ẹyin, káábáìdì táwọn wẹ́dà dà nù?

Ọ̀pọ̀ ẹfun ọjà, amọ̀ lásán ni. Bí kò bá hó sí fínígà, kò wúlò fún èyí. Èèpo ẹyin: ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó tún bá a níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Káábáìdì: ẹ fi sílẹ̀. Ó lè bó yín lọ́wọ́, ẹ ò sì mọ ohun tó bá a pọ̀.

Mo ti da eérú, mo ti da láìmù, ṣe ló túbọ̀ ń burú.

Ẹ jókòó. Èyí ló gba agbára mi jù.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní ọgbà lẹ́yìn ilé wọn ní ọ̀nà Under G. Ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì, ẹ̀fọ́ ibẹ̀ kì í ju ìka lọ kó tó pọ́n. Gbogbo àdúgbò ló ti fún wọn nímọ̀ràn, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo náà ni: eérú. Bí wọ́n bá dà á tí kò gbọ́, wọ́n á ní kò tíì tó. Wọ́n ní kí ọmọ wọn bu erùpẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ó bù ú káàkiri ọgbà, ó pò ó pọ̀ sínú ọ̀rá kan. Èsì dé: 6.8. Wọ́n ní ilẹ̀ dára. Ẹ̀fọ́ ò gbà.

Ìgbà tí wọ́n pè mí, ewé ni mo kọ́kọ́ wò. Ewé òkè, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ló pọ́n. Iṣan rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Kì í ṣe bí ẹ̀fọ́ tí ilẹ̀ kíkan ń bá jà ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹ̀fọ́ tí kò rí èròjà irin (áyọ̀ọ̀nù) fà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tí pH bá ti ga jù ni ìyẹn sì máa ń ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́, kò sẹ́ni tó gbà. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ìwọ náà ti dé, o fẹ́ ta nǹkan míì fún mi."

Mo gbé àdá, mo gún ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Kò tíì lọ jìnnà tó fi dún kan-an. Mo wú òkúta eléérú kan jáde, mo gún ibòmíràn, òmíràn tún jáde. Mo ní kí wọ́n bá mi mú fínígà wá láti ilé ìdáná. Bó ṣe kàn án ló bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣìììì. Sìmẹ́ńtì! Ibẹ̀ làwọn bíríkìlà ti po kọnkéré nígbà tí wọ́n ń mọ fẹ́ǹsì, wọ́n sì fi erùpẹ̀ bo ìyókù. Ilẹ̀ tí sìmẹ́ńtì ti gbé pH rẹ̀ kọjá ààlà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń da eérú lé lórí.

A wá bu erùpẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì: 8.1. Ìsàlẹ̀ ọgbà níbi tí wọ́n ti ń fi yúríà gbin àgbàdo: 5.2. Ọ̀rá kan ṣoṣo tí ọmọ pò gbogbo rẹ̀ sí ló bo méjèèjì mọ́lẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ṣọ́bìrì la fi kó o jáde tòkúta-terùpẹ̀, a da erùpẹ̀ oko àti ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà dípò rẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ lè wọ́n sórí sìmẹ́ńtì tí yóò yanjú rẹ̀. Láìmù lọ sí ìsàlẹ̀ ọgbà níbi tó yẹ ẹ́, wọ́n sì pa yúríà tì. Òjò ọdún kejì ni ẹ̀fọ́ tó gbà wá gbọ́.

Ìgbà wo ni kí n lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n?

Kí ẹ tó ra àpò láìmù kejì. Ẹ béèrè ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ yunifásítì LAUTECH, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí IAR&T (ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀) ní Moor Plantation, n'Íbàdàn. Ẹ bu erùpẹ̀ ní ojú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dé sẹ̀ǹtímítà 15, sínú ike tó mọ́. Ibi tí ẹ̀fọ́ bá ti ń ṣe yàtọ̀, ọ̀rá tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ sá a lábẹ́ òjìji, ẹ má yan án. Bí èsì bá dé, ẹ bi wọ́n bóyá omi lásán ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n tàbí omi oníyọ̀, torí ti oníyọ̀ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ fi nọ́ńbà kan gbáko relẹ̀ nígbà míì, ẹ̀rù á sì bà yín lásán.