Ẹ̀rọ TENS fún eyín ríro: ohun tó lè kọ́ni lẹ́sẹ̀ àti bá a ṣe ń yanjú rẹ̀

Mo lẹ páàdì ẹ̀rọ TENS, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná díẹ̀ gba orí awọ láti dín ìrora kù, mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, iná ń rìn, síbẹ̀ eyín ń ro mí. Ṣé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ ni?

Ó ṣeé ṣe kó má bàjẹ́. Ẹ di eyín pọ̀, kẹ́ ẹ wá fi ìka tẹ ibi tó le lẹ́rẹ̀kẹ́ yín. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló ń dùn yín, pàápàá tẹ́ ẹ bá máa ń payínkeke lójú oorun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣan tẹ́ ẹ fi ń jẹun ló ń yọ yín lẹ́nu, TENS sì lè ràn yín lọ́wọ́. Àmọ́ bí eyín kan ṣoṣo bá ń ta yín tẹ́ ẹ bá mu omi tútù, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé akokoro ti jẹ ẹ́ wọnú. Iná orí awọ kì í kápá ìyẹn. Àwọn tó ń tà á pé ó ń wo akokoro sàn ń tan yín jẹ ni.

Ní 1965, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Ronald Melzack àti Patrick Wall, ṣàlàyé pé ohun tá a bá mọ̀ lára lè dí ìrora lọ́nà kó tó dé ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tẹ́ni tó bá fẹsẹ̀ gbá òkúta fi máa ń fọwọ́ ra á. Iṣẹ́ tí TENS ń ṣe náà nìyẹn: ó ń dí ìrora lọ́nà, kì í wo ohun tó fà á.

Iná ń gún mi níbì kan ṣoṣo ńkọ́?

Etí páàdì ti ṣí nìyẹn, gbogbo iná wá ń gba ibi kékeré kọjá. Ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ. Ẹ fi ọṣẹ fọ ìpara kúrò lójú, ẹ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ tún un lẹ̀. Irùngbọ̀n náà kì í jẹ́ kó lẹ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ má fá a tán kẹ́ ẹ lẹ páàdì mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀: ojú abẹ á ta yín. Páàdì tí kò bá lẹ̀ mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń fò.

Ẹ dín iná kù. Ní nǹkan bíi 80 sí 100 Hz (iye ìgbà tí iná ń ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), kó kàn máa rìn yín lára bí èèrà ni. Ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n tó.

Ṣé mo lè fi sínú ẹnu?

Rárá o. Ẹ má fi síwájú ọrùn tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹyinjú náà. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń darí ìlù ọkàn láyà kò gbọ́dọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà ọkàn fọwọ́ sí i. Aboyún àti ẹni tó ní wárápá, ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ìrora ti lọ sílẹ̀, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, ara sì ń gbóná.

Ẹ yọ ọ́, ẹ lọ rí dókítà eyín lónìí. Bí ẹnu kò bá ṣeé yà, tí itọ́ ò ṣeé gbé mì, tàbí tí mímí ń nira, ẹ má dúró kílẹ̀ tó mọ́: ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú pàjáwìrì ni kẹ́ ẹ gbà lọ.