Bí Ògiri Yàrá Ọmọ Bá Bu

Nọ́ọ̀sì àwọn ọmọdé ni mí. Bí òbí bá gbé ọmọ tí ikọ́ kọ̀ tí kò fi sílẹ̀ wá, pàápàá ikọ́ tó ń le lóru, mo máa ń béèrè ibi tó ń sùn. Ṣé ìdí ògiri ni? Ṣé ẹ ti fa ibùsùn rẹ̀ síwájú rí, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀?

Ẹ bá mi wò ó lónìí. Ẹ gbé fọ́ọ̀mù sókè, ẹ sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, ẹ yọjú wo igun àjà àti etí fèrèsé. Bí ẹ bá rí àmì dúdú tàbí aláwọ̀ ewé tó ń tàn kálẹ̀, ògiri ti bu nìyẹn, bí búrẹ́dì tó pẹ́ ṣe máa ń bu. Nígbà míì, imú á ti gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ojú tó rí i: yàrá á máa rùn bí aṣọ tí wọ́n ká láìtíì gbẹ.

Ohun tó bu yìí ń tú eruku wẹ́wẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Ọmọdé sì ń mí léraléra ju àgbà lọ, ọ̀nà èémí rẹ̀ tín-ín-rín. Bó bá wú díẹ̀ báyìí, ó ti fún nìyẹn. Ibẹ̀ ni ikọ́, àyà tó ń dún fée àti imú tó ń ṣomi ti ń wá, ó sì máa ń gbé ikọ́ fée dìde lára ọmọ tó bá ti ní in tẹ́lẹ̀. Bí ara ọmọ bá ń fúyẹ́ nígbà tó bá sùn níbòmíràn, ẹ fura sí yàrá yẹn. N kò fojú kékeré wò ó rárá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, Awaab Ishak, ọmọ ọdún 2, kú ní Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n wádìí ikú rẹ̀ ní 2022, wọ́n rí i pé ilé tó bu tó ń gbé ló ba èémí rẹ̀ jẹ́.

Nítorí náà, bí ìhà ọmọ bá ń wọnú bó ṣe ń mí, tí ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, tí ètè rẹ̀ ń yí àwọ̀, tàbí tí kò lè mu ọmú tàbí sọ̀rọ̀ parí, ẹ fi ọ̀rọ̀ ògiri sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ló kàn, lójú ẹsẹ̀.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ọmọ lọ sùn ní yàrá míì, ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbé kànìnkànìn. Omi ni ẹ kọ́kọ́ ń wá. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹ lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀rá, níhà ògiri, inú ògiri ló ti ń wá: òrùlé tó ń jò, páìpù tó là, tàbí omi tó ń gun ìpìlẹ̀ bọ̀. Ẹ pe ẹni tó máa tún un ṣe. Bó bá jẹ́ ilé àyágbé, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ kọ̀wé sí onílé. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀rá tó kọjú sí yàrá ló tutù, afẹ́fẹ́ yàrá ló ń di omi lára ògiri: oru ìwẹ̀ àti ti ìdáná, aṣọ tí ẹ sá sínú ilé, àní èémí ẹni tó ń sùn. Fèrèsé ṣíṣí, ìdérí ìkòkò àti ibùsùn tí kò fara kan ògiri máa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wọn ọ̀rinrin. Ẹ má jẹ́ kó kọjá 60 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìgbà yìí ni ẹ tó lè fọ̀ ọ́. Bí ibi tó bu bá ju nǹkan bíi mítà kan níbùú lóròó lọ, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́. Ẹ wọ ìbòmú N95 àti ìbọ̀wọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ ṣí fèrèsé. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi rin ín kí ẹ tó fọ̀ ọ́, torí bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n ní gbígbẹ, ẹ ti fọ́n ọn ká gbogbo ilé. Èmi kì í gba òbí níyànjú bílíìṣì, omi olóòórùn líle tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun. Òórùn rẹ̀ nìkan lè fún ọmọ láyà. Bí ẹ bá sì pò ó mọ́ ohun ìfọ̀ míì, ó lè di gáàsì olóró. Fọ́ọ̀mù, ìrọ̀rí, káàpẹ́ẹ̀tì tàbí bèbí onírun tó ti bu, ẹ kó o dà nù. Ó máa ń dunni, mo mọ̀, àmọ́ ó ti wọ inú wọn, kò ṣeé fọ̀ kúrò.

Ẹ má kun ọ̀dà lé e lórí, á tún yọ. Ẹ má sì dá oògùn ọmọ dúró torí pé ògiri ti mọ́. Dókítà ló ń pinnu ìyẹn. Kí ọmọ tó padà síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ táútáú, kí ẹ sì máa wo ojú ibẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá tún yọ, omi ṣì ń wọlé níbì kan.