Orúnkún Tó Ń Tẹ̀ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ọ̀pá Ẹ̀yìn

Eegun ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti fi irin so pọ̀ kò ní tẹ̀ mọ́. Bí ìbàdí tó yẹ kó wọnú díẹ̀ bá wá tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, iwájú ni ara á máa dà sí, ara á sì wá ọgbọ́n tí orí á fi dúró lókè ìdí. Ìdí á kọ́kọ́ ká wọ abẹ́, ẹ̀yìn òkè á nà gbọnrangandan; bí ìyẹn ò bá tó, orúnkún á tẹ̀. Ohun tó ń mú kí iwájú itan máa ta yín nìyẹn tí ẹ bá dúró pẹ́: iṣan ibẹ̀ kì í sinmi.

Ẹ yẹ ara yín wò lára ògiri. Ẹ fi gìgísẹ̀, ìdí àti ẹ̀yìn kàn án, kí orúnkún nà tán, kí ẹ má gbé àgbọ̀n sókè. Kí ẹnì kan fi rúlà wọn àlàfo àárín orí àti ògiri. Ẹ ṣe é láàárọ̀, kí ẹ tún un ṣe nírọ̀lẹ́: láàárọ̀ iṣan ṣì lágbára láti bo àléébù náà, nírọ̀lẹ́ ó ti rẹ̀ ẹ́. Bí àlàfo náà bá ń fẹ̀ sí i lóṣooṣù, ẹ ní kí dókítà ya X-ray yín lórí ìdúró, láti ọrùn dé itan, láìtẹ orúnkún. Èyí tí wọ́n bá yà lórí ìdùbúlẹ̀ kì í fi í hàn dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fipá na ẹ̀yìn. Oríkèé tó wà lókè irin gan-an ni wàhálà náà ń bọ́ sí, yóò sì tètè jẹ. Iwájú ìbàdí, níbi tí itan ti pàdé ikùn, ló yẹ kó rọ̀. Tí dókítà bá ti gbà yín láyè, ẹ dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì líle fún ìṣẹ́jú 5, láàárọ̀ àti lálẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ fún ìdí pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Bí ìrora bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró.

Ẹ̀yin ìyá tó ń ha ìpẹ́ ẹja lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ẹ gbé ọpọ́n sórí tábìlì tó ga dé ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ sì fi àpótí kúkúrú sílẹ̀, torí ó ń mú kí èèyàn ká kò. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí omi kún kò dín ní kílò 25. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì gbé e. Tí ẹ bá fẹ́ kí àgbà, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ̀yìn dúró ṣánṣán. Títẹríba láti ìbàdí ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó ń kírun lè jókòó sórí àga.

Bí ẹsẹ̀ bá rọ lójijì, tàbí tí abẹ́ kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ kò ṣeé mú dúró mọ́, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.