HLA ni mo ní kí wọ́n yẹ̀ wò, B27 ni wọ́n gbé fún mi

Ẹ̀ẹ̀mejì àbọ̀ ni mo sanwó àyẹ̀wò kan ṣoṣo, inú sì ń bí mi títí di báyìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, ó sì ní àbúrò mẹ́ta. Ìyá wọn fẹ́ mọ èyí tí ewu ń bẹ lára rẹ̀ nínú wọn. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sílẹ̀ fún mi.” Ṣebí láàbù ni mo ti ń jẹun ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Mo fa ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo kọ “HLA”, ìyẹn àwọn jíìnì tí ara fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí àlejò, sórí fọ́ọ̀mù, mo fi ránṣẹ́ sí láàbù ńlá kan l'Ékòó. Bébà mẹ́ta ló padà dé, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lára wọn: HLA-B27, kò sí.

Àrùn eegun ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi B27 wá. Kò kan àtọ̀gbẹ rárá. HLA kì í ṣe jíìnì ẹyọ kan, agboolé ńlá ni lórí krómósómù 6, yàrá DR àti DQ sì ni ọ̀rọ̀ tiwa wà. Mo pè wọ́n, ẹni tó gbé fóònù ní, “HLA lẹ kọ, HLA la ṣe.” N ò rí nǹkan fi dá a lóhùn. B27 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo kọ orúkọ àwọn jíìnì inú yàrá DR àti DQ gàdàgbà: DRB1, DQA1, DQB1. Ẹ̀jẹ̀ fífà ò lẹ́jọ́ nínú. Mílílítà 4 nínú túùbù ọlọ́mọrí àlùkò, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ kó má baà dì, kó wà nínú fíríìjì títí mọ́tò yóò fi gbéra. Ẹ má lo ọlọ́mọrí àwọ̀ ewé, heparin inú rẹ̀ máa ń ba PCR, ọ̀nà tí láàbù fi ń sọ DNA di púpọ̀, jẹ́.

Èsì kejì dé, DR méjì méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ti àgbà: DR4, DR15. Ti àárín: DR3, DR3. Ti àbíkẹ́yìn: DR3, DR4. Ó tán. Kò sí nọ́ńbà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan ti ka DR3 méjì yẹn fún ìyá wọn pé ewu ìlọ́po méjì ni, kò sì sùn lóru ọjọ́ náà.

Ibí ni mo há sí fún ọjọ́ 11. Wọ́n ní nọ́ńbà tí mo ń wá, owó ọ̀tọ̀ ni. Mo bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ títí ohùn mi fi há: DR3 láìsí nọ́ńbà dà bí ẹni tó ní Ìjẹ̀bú ni ilé òun wà. Ìjẹ̀bú wo? Òde ni, Igbó ni, Ifẹ̀ ni, àbí Múṣin? DR3 tó wọ́pọ̀ lára Òyìnbó ni DRB1*03:01, ewu ni. Àwa ènìyàn dúdú ní òmíràn, DRB1*03:02, tí í bá DQB1*04:02 rìn, ààbò sì ni ìyẹn. DR4 náà bẹ́ẹ̀: 04:05 ń fa ewu, 04:03 ń dáàbò bo ni. Ti DR7 tún wá yàtọ̀: 07:01 kan náà ni, àmọ́ bí DQA1*03 bá bá a rìn, bí a ti ń rí i lára ènìyàn dúdú, ewu ni, èyí tó wà lára Òyìnbó, ààbò ni. Ẹni tó bá ní DQA1 kò pọn dandan, ẹ má dá a lóhùn.

DNA àwọn ọmọ náà ṣì wà nínú fírísà wọn, nítorí náà ìdajì owó ni mo fi parí rẹ̀. Mo borí wọn níbẹ̀ yẹn. Àgbà ní DQB1*06:02, èyí tó ń bá DRB1*15:03 rìn lára wa. Ààbò tó lágbára jù nìyẹn: ẹbí aláìsàn tó ní in kì í sábà ní àtọ̀gbẹ yìí, kódà bí áńtíbọ́dì, àmì inú ẹ̀jẹ̀ pé ara ti ń gbógun ti ibi tó ti ń ṣe ínsúlíìnì, bá ti yọjú. DR3 méjì ti àárín, ọ̀kan 03:01, èkejì 03:02! Àbíkẹ́yìn ló jogún ohun kan náà gẹ́lẹ́ bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ní àtọ̀gbẹ. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni ti ọmọ ìyá àti bàbá kan náà láti bá ara wọn dọ́gba bẹ́ẹ̀, bí AS méjì ṣe lè bí SS. Àmọ́ kì í ṣe SS o: ọ̀pọ̀ tó ní jíìnì wọ̀nyí ò ní ṣàìsàn náà láéláé.

Ká ní mo tún un ṣe ni, jíìnì kọ́ ni n bá fi bẹ̀rẹ̀. Áńtíbọ́dì ni, ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni n bá sì ti kọ́kọ́ wò ó: GAD65, IA-2, ZnT8. Ẹ yọ ti ínsúlíìnì kúrò, torí abẹ́rẹ́ tó ń gbà á lè mú un yọ. Ìwádìí tó jáde ní 2025 láti Cameroon, Uganda àti South Africa fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọ́n ní oríṣi kìíní ló ń ṣe kò ní áńtíbọ́dì kankan. Bí aláìsàn yín bá wà lára wọn, kí lẹ fẹ́ fi DR3 àbúrò rẹ̀ ṣe? Tiwa ní GAD, a dúpẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ohun ìdúpẹ́ tó rí rádaràda.

Ti àwọn àbúrò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ ṣe, ti ínsúlíìnì náà. Túùbù ọlọ́mọrí yẹ́lò. Ẹ jẹ́ kó dì fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì yí i nínú ẹ̀rọ kó tó kúrò n'Íjẹ̀bú. Bí ẹ bá gbé e lọ láìyí, gbígbọ̀n mọ́tò á fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa sínú omi rẹ̀, láàbù á sì dá a padà. Bí ẹyọ kan bá jáde, ẹ tún un ṣe. Bí ó bá di méjì, ọ̀rọ̀ ti yí padà: nínú àwọn ọmọ tí wọ́n tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà, Finland àti Jámánì, nǹkan bí 70 nínú 100 tó ní méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ní àtọ̀gbẹ láàárín ọdún 10. Gàrí tí àwọn ará ilé ń pariwo lé lórí kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Àbíkẹ́yìn ò ní ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. N ó tún fa tirẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Kó tó dìgbà náà, mo fi gulukómítà sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀: bó bá ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tó sì ń rù, kó gún un níka lọ́jọ́ náà. Bó bá fi lè kàn 200 mg/dL, ọsibítù tààrà, kó má dúró dè mí.