Bí a ṣe ń fọ owó idẹ Róòmù tí òrìṣà ara rẹ̀ kò fi ní pa rẹ́

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, owó ayé Constantine, olú ọba Róòmù, ni kó rà, èyí tí wọ́n tẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 310 sí 318, tí àwòrán Sol, òrìṣà oòrùn, wà ní ojú kejì rẹ̀. Ó pọ̀ lórí àtẹ, kò sì wọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi. Kì í ṣe omi ẹ̀rọ o, kòlórìnì inú rẹ̀ ń jẹ idẹ. Omi tí wọ́n ń bù sí bátìrì mọ́tò ni mo máa ń lò. Àmọ́ ẹ ka ara ìgò náà dáadáa, kó má lọ jẹ́ ásíìdì lẹ rà. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọdé á gbá erùpẹ̀ tó bá rọ̀ kúrò.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ ló kàn. Fún nǹkan bí ọdún 1,700 tí owó náà fi wà nínú ilẹ̀, ojú idẹ rẹ̀ ti yí padà di èèpo líle, aláwọ̀ ewé tàbí dúdú. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ìtànṣán orí Sol àti lẹ́tà SOLI INVICTO COMITI (èdè Látìn ni, “fún Sol aláìṣeéṣẹ́gun, alábàákẹ́gbẹ́”), ara èèpo yẹn ni wọ́n wà. Bó bá ṣí, ó tán nìyẹn. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ kàn án, ẹ má fi fínígà kàn án, ká má tíì sọ sáńpépà. Ọ̀ṣun tó ń wẹ idẹ kó tó wẹ ọmọ ló ni idẹ tó gbọ́dọ̀ dán. Ti Róòmù kò sí níbẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n fọ̀ títí ó fi pupa fòò, orí Sol pá kodoro.

Ẹ̀gún ọsàn ni kí ẹ fi máa họ ọ́, tàbí orín tí ẹ gbẹ́ lẹ́nu ṣóńṣó. Abẹ́rẹ́, rárá. Kí omi ṣì wà lára owó náà, kí ẹ sì fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Ibi tí kò sí àwòrán lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè mọ àwọ̀ èèpo náà kí ẹ tó sún mọ́ ojú òrìṣà. Níbi tí ẹ bá ti tún rí àwọ̀ yẹn, ẹ dúró. Bó bá sú yín, ẹ dà á padà sómi. Ìkánjú ló ń gé imú Sol.

Bí ẹ ó ṣe dá òrìṣà ara owó mọ̀ rèé: Sol máa ń gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, á di ayé róbótó mú lósì. Bí èyí tí ẹ rí bá ní ìyẹ́, Victoria, òrìṣà ìṣẹ́gun, ni. Ọkùnrin tó mú àwo àti ìwo tó kún fún èso ni Genius, ẹ̀mí alábòójútó, ó pọ̀ lára owó ńlá Diocletian, olú ọba tó ṣáájú Constantine.

Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Bí lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bá yọ lára rẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀rinrin ló fà á: ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀, ẹ tún rẹ ẹ́. Àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin mu, tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, ni mo ń jù sínú ike tí mo kó tèmi sí.