Tíkẹ́ẹ̀tì Reluwé tí Wọ́n Tà fún Mi ní Delhi Kò Ní Ibùsùn

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo san owó reluwé kan ṣoṣo, láti Delhi lọ sí ìlú Varanasi, ní Íńdíà. Owó àkọ́kọ́ wà lápò ẹni tó gbà á títí di òní.

Fíìsà, bàálù àti ilé ìtura kò le, ẹ ó rí wọn ṣe. Reluwé Íńdíà gan-an ni wàhálà.

Ọkùnrin kan tó máa ń bá àlejò ra tíkẹ́ẹ̀tì ló bá mi rà á. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó nà án sí mi. Mo rí orúkọ mi, mo rí ọjọ́ ìrìnàjò. Ibi tó yẹ kí nọ́ńbà ibùsùn wà, WL 38 ni mo bá níbẹ̀. Mo ní kí lèyí? Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, yóò wọlé.

Ìlà àwọn tó ń dúró de àyè, tí wọ́n ń pè ní WL, ni wọ́n tò mí sí o! Bí ẹni tó ti ní àyè bá fagi lé tirẹ̀, nọ́ńbà mi á wálẹ̀. Bó bá di RAC, mo lè wọ ọkọ̀, àmọ́ èmi àti ẹlòmíì la máa jọ pín ibùsùn kan jókòó. CNF, ìyẹn àyè tó ti dájú, nìkan lèèyàn fi ń sùn dáadáa.

Mo ń ṣọ́ ọ lórí fóònù bí ẹni ń ṣọ́ ẹ̀wà lórí iná. Ó di 20, ó di 11, ó di 4, ó bá dúró gbọin. Wọ́n to orúkọ àwọn èrò tó máa wọ ọkọ̀ fún ìgbà ìkẹyìn, tèmi kò sí níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá ṣì wà ní WL nígbà yẹn, fúnra rẹ̀ ló ń fagi lé ara rẹ̀, owó á sì padà síbi tó ti wá. Ibo ló ti wá? Àkáǹtì bọ̀dá yẹn ni! Mo pè é títí, kò gbé e.

Mo gba ibùdókọ̀ New Delhi lọ. Lápá àdúgbò Paharganj, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọ́fíìsì kan wà fún àwọn arìnrìn-àjò láti ilẹ̀ òkèèrè, àwọn ọkọ̀ kan sì ní àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wa. Kí n tó dé ibi àtẹ̀gùn, ẹnì kan tó so káàdì mọ́rùn sọ fún mi pé wọ́n ti kó ọ́fíìsì náà kúrò níbẹ̀, pé kí n máa tẹ̀lé òun. Mo wò ó tòkè-tilẹ̀, mo gun àtẹ̀gùn mi. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo fi ìwé ìrìnnà hàn, mo kọ fọ́ọ̀mù, CNF jáde! Ibùsùn òkè pátápátá ni, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, àmọ́ tèmi ni. Ọmọ bàbá mi ni mí jàre.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, bí ẹ kò bá rí CNF, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó ń báni ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ní Dìsẹ́ńbà àti Jánúárì, kùrukùru máa ń dá ọkọ̀ dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí ní àríwá, ẹ má ṣe fi bàálù sọ́jọ́ kan náà. Oṣù kẹfà ni òjò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kerala, ní gúúsù. Ẹ má sì lọ Agra lọ́jọ́ Jímọ̀ nítorí Taj Mahal, wọn kì í ṣí i fún àlejò lọ́jọ́ náà.