Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Títún Dígí Awò Awọ̀nàjíjìn Tò Lórí Bàlúùnù

Èyí tó burú jù nínú wọn ni ìkánjú. Bàlúùnù tó gbé awò ti dúró lókè, àwòrán àkọ́kọ́ dé, ìràwọ̀ inú rẹ̀ rí bàìbàì, ni àwọn tó ń darí awò láti ilẹ̀ bá ní kí dígí kékeré, èyí tó dojú kọ dígí ńlá, sún. Ẹ má ṣe é. Kí ẹrù náà, ìyẹn awò àti ohun tó gbé e dúró, tó dé nǹkan bíi kìlómítà 35 sókè, ó ti la òtútù líle kọjá. Nígbà tó bá débẹ̀ tán, oòrùn á máa ta á ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì á dojú kọ òkùnkùn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti ilẹ̀, nítorí náà ooru kì í tètè pín kárí. Ọ̀pá alumíníọ̀mù tó di dígí mú, bí ó bá gùn ní mítà 1, máa ń sún kì ju mìlímítà 1 lọ bí ó bá fi ìwọ̀n 50 Celsius tutù sí i. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí dígí kékeré bá ń sọ àwòrán di ìlọ́po 4, tó wá sún ní mìlímítà 0.1 péré, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń pàdé á sún ní mìlímítà 1.7. Ẹni tó ń tò ó nígbà tí irin ṣì ń sún kì ń lé òjìji ni. Ẹ wo ìwọ̀n ooru ara ọ̀pá àti ti dígí títí wọn ò fi ní yí mọ́.

Ọ̀pọ̀ tún máa ń di ẹ̀bi ru dígí níbi tí kò ti jẹ̀bi. Bí gbogbo ìràwọ̀ bá fà sí ọ̀nà kan náà, ẹ ya àwòrán míì tí kò pẹ́ tó ti àkọ́kọ́. Bí ìràwọ̀ bá wá rí roboto, mímì ẹrù ló fà á. Bí ìrù bá ṣì wà lára wọn, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá yẹ dígí wò.

Láti yẹ dígí wò, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ sún dígí kékeré díẹ̀ kí ìràwọ̀ fẹ̀ di òrùka. Òjìji dúdú ti dígí kékeré gbọ́dọ̀ wà láàárín òrùka náà gan-an. Bí ó bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nǹkan ti yẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o: dígí tó kúrò láàárín àti dígí tó tẹ̀ máa ń jọra, ẹ sì lè fi títẹ̀ bo yíyẹ̀ mọ́lẹ̀. Àárín àwòrán á dára, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á bàjẹ́. Ẹ wo igun náà kí ẹ tó ní ó ti tán.

Awò tí ẹ tò nígbà tó wo ìsàlẹ̀ kò ní rí bákan náà tó bá gbójú sókè, torí ìwúwo dígí ń fà á síbòmíràn. Ẹ dán an wò bí ó ṣe ń gbójú sókè ní ìwọ̀n mélòó kan.

Lójú temi, ohun tí wọn kì í kà sí jù ni àṣẹ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ léraléra. Nígbà tí àwòrán bá pẹ́ kí ó tó dé, wọ́n á ti pàṣẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ dúró de àwòrán tuntun, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ sún lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà kan náà ni kí ẹ sì máa gbà dé ibi tó yẹ kí dígí dúró, kí àlàfo inú ẹ̀rọ tó ń sún dígí má bàa tàn yín. Kí ẹ tó sún ohunkóhun rárá, ẹ kọ ibi tí dígí wà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Bí ìbánisọ̀rọ̀ bá já láàárín iṣẹ́, ibi tí ẹ fi í sí ló máa wà títí yóò fi padà dé.